Ọjọ́ tí òru gùn jù lọ nínú ọdún: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí winter solstice

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè ní winter solstice?

Ayé ń rìn yí oòrùn ká, ṣùgbọ́n kò dúró ṣánṣán. Ó dagun ní nǹkan bíi dígírì 23.4, ìhà kan náà ló sì ń dagun sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Nígbà tó bá wà ní apá kan ọ̀nà rẹ̀, orí rẹ̀ ní àríwá máa ń tẹ̀ sọ́dọ̀ oòrùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, orí kan náà yóò ti yà kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Ìṣẹ́jú tí orí àríwá bá yà kúrò dé ibi tó lè yà dé ni winter solstice ti àríwá. Lọ́jọ́ náà, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ lójú ọ̀run, ọ̀nà tó ń gbà láti ibi tó ti yọ dé ibi tó ń wọ̀ sí máa ń kúrú jù, òru sì máa ń gùn jù.

Àwọn tó wà ní gúúsù Ayé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwọn nígbà yẹn. Oṣù Kẹfà ni òru tiwọn ń gùn jù. Ibi tí a bá ti dárúkọ Oṣù Kejìlá nísàlẹ̀ yìí, kí ẹni tó wà ní gúúsù fi Oṣù Kẹfà rọ́pò rẹ̀, kó sì pààrọ̀ àríwá àti gúúsù.

Ṣé jíjìnnà tí Ayé jìnnà sí oòrùn nígbà yẹn ló fa òtútù?

Rárá o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kìíní, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn òru tó gùn jù ní àríwá, ni Ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ: nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Keje ló máa ń jìnnà jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 152. Bó bá jẹ́ pé jíjìnnà ló ń mú òtútù wá ni, gbogbo Ayé ì bá máa tutù pa pọ̀ ní Oṣù Keje. Dídagun ni ọ̀ràn wà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dá gbọ̀ọ̀rọ̀ dé ilẹ̀ máa ń tàn ká orí ilẹ̀ tó fẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ọjọ́ wo gan-an ló ń bọ́ sí?

Ní àríwá, ọjọ́ 21 tàbí 22 Oṣù Kejìlá ni lọ́pọ̀ jù lọ. Ó lè bọ́ sí ọjọ́ 20 tàbí 23, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá ni, ní nǹkan bí aago 20:50 UTC (aago tí gbogbo ayé jọ ń lò).​ Lọ́dún 2027, ọjọ́ 22 ni, ní nǹkan bí aago 02:42 UTC. Ìṣẹ́jú kan náà ni fún gbogbo Ayé, àmọ́ aago ibi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: ti ọdún 2026 yẹn, aago 04:50 ìdájí ló máa jẹ́ ní Beijing, á sì ti di ọjọ́ 22 níbẹ̀.

Ohun tó ń mú kó máa sún ni pé ọdún oòrùn gùn tó ọjọ́ 365 àti wákàtí 5, ìṣẹ́jú 48, àti ìṣẹ́jú àáyá bíi 45. Lọ́dọọdún ó ń fi bíi wákàtí mẹ́fà sún síwájú, ọdún tó bá ní ọjọ́ 366 á sì fà á padà. Kàlẹ́ńdà tí Julius Caesar gbé kalẹ̀ ka ọdún sí ọjọ́ 365 àti wákàtí 6 gééré. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá tó fi lé e lọ́dọọdún ń gorí ara wọn, títí tí òru tó gùn jù fi lọ bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 12 Oṣù Kejìlá nígbà tó fi máa di ọdún 1582. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ ọjọ́ mẹ́wàá kúrò nínú ọdún náà: lẹ́yìn ọjọ́ 4 Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 15 ló tẹ̀ lé e.

Báwo ni ọ̀sán ṣe ń kúrú tó lọ́jọ́ náà?

Ó dọ́wọ́ ibi tí ẹ wà. Lórí ìlà agbedeméjì Ayé gan-an, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú bíi 7 ni lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ oṣù wo. Ní dígírì 10 sí àríwá ìlà yẹn, ó tó wákàtí 11 àti ààbọ̀. Ní dígírì 40, ó kù sí wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú bíi 20. Lọ́ńdọ̀nù wà ní dígírì 51.5, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú bíi 50 ni tiwọn. Ní dígírì 60, ọ̀sán ò pé wákàtí 6. Tí ẹ bá wá kọjá dígírì 66 àti ààbọ̀ dáadáa, oòrùn ò ní yọ rárá lọ́jọ́ náà, àmọ́ ojú ọ̀run á ṣì mọ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ fún wákàtí mélòó kan ní àyíká ọ̀sán.

Ẹ lè fúnra yín ṣírò bí oòrùn ọ̀sán yóò ṣe ga tó. Ẹ mú 90, ẹ yọ iye dígírì ibi tí ẹ wà kúrò, kí ẹ tún yọ 23.4. Ẹni tó wà ní dígírì 40 á rí 26.6. Ará Lọ́ńdọ̀nù á rí 15 lásán, ìyẹn ni pé òkè òrùlé ilé tó wà lódìkejì ni oòrùn ọ̀sán á ti máa yọjú.

Mo kíyè sí i pé oòrùn ti ń pẹ́ wọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Ṣé kàlẹ́ńdà ló ṣìnà ni?

Ojú yín ò tàn yín jẹ, kàlẹ́ńdà náà ò sì ṣìnà. Ọjọ́ tí òru gùn jù, ọjọ́ tí oòrùn tètè wọ̀ jù, àti ọjọ́ tó pẹ́ yọ jù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí ọjọ́ 12 Oṣù Kejìlá ni oòrùn ń tètè wọ̀ jù, àfi bí ọdún bá ń parí lọ ni yóò tó pẹ́ yọ jù.

Aago wa ló fa èyí. A ti pín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí wákàtí 24 géérégé, bẹ́ẹ̀ oòrùn kì í fi wákàtí 24 gééré ti ọ̀sán gangan kan dé òmíràn. Ní òpin Oṣù Kejìlá, ó ń fi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé Ayé ń sáré lọ́nà rẹ̀ nígbà tó bá sún mọ́ oòrùn, àti torí pé ìrìn oòrùn lójú ọ̀run ń lọ gbọọrọ sí apá ìlà oòrùn lásìkò náà. Ọ̀sán gangan wá ń fi ìdajì ìṣẹ́jú sún síwájú lórí aago lójoojúmọ́, ó sì ń fa yíyọ àti wíwọ̀ oòrùn tẹ̀ lé ara rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe sún mọ́ ìlà agbedeméjì Ayé tó ni àlàfo àárín ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe máa fẹ̀ tó.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí òru gùn jù, kó yọ aago yíyọ kúrò nínú aago wíwọ̀. Kó má fi aago wíwọ̀ nìkan ṣèdájọ́.

Tí oòrùn bá ti ń padà bọ̀, kí ló dé tí òtútù fi ń le sí i?

Ilẹ̀ àti òkun dà bí ìkòkò omi ńlá lórí iná: iná lè rọlẹ̀ kí omi ṣì gbóná, iná sì lè ràn padà kí omi má tíì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ooru tí ilẹ̀ ń pàdánù ṣì ju èyí tó ń gbà lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní àríwá, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni òtútù ń dé góńgó. Létíkun, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ojú ìwé yìí, ibí yìí la fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Ìmọ́lẹ̀ ló ń yí padà lọ́jọ́ náà, ooru ò tíì yí. Ẹni tó bá ń fi ara wá àmì ìyípadà kò ní rí nǹkan kan títí Oṣù Kejì. Ẹni tó bá ń wo ìmọ́lẹ̀ á ti rí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Igi, ẹyẹ àti ẹran, ìmọ́lẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń wò.

Báwo ni mo ṣe lè fojú ara mi rí i?

Ọ̀pá kan àti òjìji rẹ̀ tó. Ẹ wá ọ̀pá tó tọ́, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ kí mítà kan géérégé kù lókè, níbi tí oòrùn ń dé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹ da omi sínú àwo pẹrẹsẹ kan lórí rẹ̀, omi á sọ bó bá dagun. Ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn, kí ẹ fi okùn náà wo ọ̀pá láti ẹ̀gbẹ́ méjì bóyá ó dúró ṣánṣán.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ìlà àríwá sí gúúsù. Ẹ so okùn mọ́ ìdí ọ̀pá, kí ẹ fi ya òbìrí yí i ká, kí òbìrí náà fẹ̀ díẹ̀ ju òjìji ọ̀sán lọ. Láàárọ̀, orí òjìji á gùn kọjá òbìrí náà, á sì máa kúrú wọlé. Ibi tó bá ti kan òbìrí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lọ́sàn-án, á tún gùn jáde lódìkejì. Ẹ sàmì síbẹ̀ náà. Ẹ wá àárín àmì méjèèjì gan-an, kí ẹ fa ìlà láti ìdí ọ̀pá gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbà tí òjìji bá bọ́ sórí ìlà yìí ni ọ̀sán gangan níbi tí ẹ wà. Ẹ má tẹ̀ lé aago 12, torí aago ìlú lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i.

Láti nǹkan bí ọjọ́ 20 Oṣù Kọkànlá dé ọjọ́ 20 Oṣù Kìíní, ẹ máa wọn òjìji ọ̀sán gangan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ní dígírì 40, òjìji ọ̀pá yín á gùn tó mítà 1.73 ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, á sì di mítà 2 lọ́jọ́ náà gan-an. Ní dígírì 10, kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 66 lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, á tó mítà 3.7, nítorí náà ọ̀pá ìdajì mítà ló rọrùn lò níbẹ̀.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan òjìji ò yàtọ̀. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Kò sí. Bí oòrùn ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní àyíká ọjọ́ náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀, gbogbo ibi tí oòrùn ọ̀sán rọlẹ̀ dé kò tó ìbú oòrùn fúnra rẹ̀. Ní dígírì 40, òjìji ọ̀pá mítà kan kò ní fi ju sẹ̀ǹtímítà 3.4 gùn sí i láàárín ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá; láàárín ọjọ́ tó kẹ́yìn, kò tó ìdajì mìlímítà. Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn lórí ilẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ má wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ̀n ọ́n ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, nígbà tí òjìji ń yí tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lójúmọ́. Kí ẹ wá máa ṣọ́ ọjọ́ tí yóò padà sí gígùn kan náà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ mítà 1.73 ní ọjọ́ 21 Oṣù Kọkànlá, tó sì tún padà jẹ́ mítà 1.73 ní ọjọ́ 20 Oṣù Kìíní, ọgọ́ta ọjọ́ ló wà láàárín. Ẹ pín in sí méjì, ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá ni. Ní ọ̀rúndún karùn-ún, Zu Chongzhi ní ilẹ̀ Ṣáínà ti ń fi òjìji àwọn ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ṣírò rẹ̀ báyìí.

Orí òjìji náà ò hàn ketekete, ó ń ṣe fúyẹ́fúyẹ́.

Oòrùn ní ìbú, kì í ṣe ojúàmì kan, torí náà etí òjìji gbogbo ló máa ń rí fúyẹ́fúyẹ́. Tí òjìji bá gùn tó mítà méjì, ibi tí kò dá ṣáká yẹn lè ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Ẹ gé páálí líle, kí ẹ lu ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 5 tàbí 6 sí àárín rẹ̀, kí ẹ kàn án mọ́ orí ọ̀pá kó dojú kọ oòrùn. Àmì ìmọ́lẹ̀ róbótó kan á hàn láàárín òjìji páálí náà. Àárín àmì yẹn ni kí ẹ máa sàmì sí. Kí ihò náà sì wà ní mítà kan gééré sí ilẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ Guo Shoujing, awòràwọ̀ ará Ṣáínà, náà nìyí. Ní Gaocheng, ní ẹkùn Henan ní Ṣáínà, ilé ìwòràwọ̀ tó kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1276 ṣì dúró síbẹ̀. Igi tó ń dá òjìji síbẹ̀ ga ju mítà mẹ́sàn-án lọ, orí òkúta pẹrẹsẹ gígùn ni òjìji rẹ̀ ń bọ́ sí, ohun èlò oníhò kékeré ló sì fi ń rí i kedere. Kàlẹ́ńdà tó jáde látinú iṣẹ́ náà lọ́dún 1281 ka ọdún sí ọjọ́ 365.2425. Iye tí kàlẹ́ńdà tí à ń lò lónìí kà á sí gan-an nìyẹn, ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú ọdún 1582.

Àwọn nǹkan mìíràn tó máa ń ba ìwọ̀n jẹ́: ọ̀pá tó dagun ní dígírì kan péré (orí rẹ̀ á ti yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.7), ilẹ̀ tó rọ̀ tí òjò mú kó rì, àti ẹnì kan tó kọsẹ̀ lára ọ̀pá láìsọ fún yín. Ẹ lu ìṣó méjì sí ìdí rẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá ó ti sún.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, mi ò ní ilẹ̀.

Ẹ lo ibi tí oòrùn ń yọ tàbí ibi tó ń wọ̀ sí. Ẹ dúró síbi kan náà ní gbogbo ìgbà, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì ya àwòrán ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí kámẹ́rà dúró síbi kan láìsún un mọ́ tàbí jìnnà. Ilé, igi àti òpó iná tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ló máa jẹ́ àmì yín. Ní dígírì 40, oòrùn ọjọ́ náà á yọ ní nǹkan bíi dígírì 31 sí gúúsù ojúlé ìlà oòrùn. Lórí ìlà agbedeméjì Ayé, dígírì 23.4 ni. Á rìn dé ibẹ̀, á dà bí ẹni pé ó dúró fún ọjọ́ mélòó kan, á sì ṣẹ́rí padà.

Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn, àní bó bá tiẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹ má sì fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó rárá. Ó ń jó ẹ̀yìn ẹyinjú, kì í sì í dun èèyàn nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀.

Báwo ni àwọn ará àtijọ́ ṣe mọ̀ ọ́n?

Bẹ́ẹ̀ náà ni: wọ́n mú ibi kan, wọ́n wò ó lọ́dọọdún, wọ́n sì fi òkúta tàbí igi sàmì sí i. Goseck ní Jámánì jẹ́ òbìrí kan tí wọ́n fi igi àti yàrà ṣe ní nǹkan bí ọdún 4900 ṣáájú Sànmánì Kristẹni. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ méjì dojú kọ ibi tí oòrùn òru gígùn jù ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ sí. Ní Chankillo ní Peru, ilé ìṣọ́ mẹ́tàlá tò sórí òkè kan, oòrùn sì ń rìn láàárín wọn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì jálẹ̀ ọdún. Òkúta ńláńlá Stonehenge ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ wíwọ̀ oòrùn ọjọ́ yìí lápá kan, ó sì dojú kọ yíyọ rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà lápá kejì.

Newgrange ní ilẹ̀ Ireland ló wú wa lórí jù. Ibojì olókùúta ni, ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú Sànmánì Kristẹni. Ọ̀nà tóóró inú rẹ̀ gùn tó mítà 19, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bó ti ń wọlé, débi pé ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹnu ọ̀nà ò lè dé ìyẹ̀wù inú. Àwọn tó kọ́ ọ wá fi ojúhò kan sókè ẹnu ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà àti ọjọ́ díẹ̀ ní àyíká rẹ̀, ìtànṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gba ojúhò yẹn wọlé, á fa tààrà lórí ilẹ̀ dé ìyẹ̀wù, á fẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún á ti lọ. Ọdún 1967 ni awalẹ̀pìtàn Michael J. O'Kelly dúró sínú rẹ̀, tó sì fojú ara rẹ̀ rí i.

Báwo ni ohun ọ̀gbìn ṣe mọ ìgbà?

Wọ́n ń wọn gígùn òru. Lọ́dún 1920, Garner àti Allard ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí irú tábà kan tí kì í tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí wọ́n ti wù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú òkùnkùn kí ọ̀sán rẹ̀ lè kúrú, ó tanná. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn wọn wá rí i pé òkùnkùn gan-an ló ń kà. Bí ẹ bá tan iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín òru gígùn, ọ̀pọ̀ irú ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ á kà á sí òru kúkúrú méjì, kò sì ní tanná.

Ẹni tó bá gbin poinsettia mọ èyí dáadáa. Ó ń fẹ́ òkùnkùn wákàtí bíi 14 ní òròòru, láìdáwọ́ dúró, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ewé òkè rẹ̀ tó pọ́n. Iná ìgboro tó ń gba ojú fèrèsé wọlé tó láti bà á jẹ́. Iná ìgboro kan náà ń mú kí ẹ̀ka igi tó bá sún mọ́ ọn pẹ́ wọ́wé ju ẹ̀ka yòókù lọ.

Òtútù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú igi ápù nílò wákàtí 800 sí 1,000 ní ìwọ̀n ooru tó lọ sílẹ̀ ju 7°C lọ kí èéhù wọn tó lè jí. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó móoru ní Oṣù Kìíní tàn wọ́n jẹ.

Mo ní ọgbà. Kí ni kí n ṣe ní àsìkò náà?

Ẹ wo iye wákàtí tí ọ̀sán ní. Tí ọ̀sán bá ti dín sí wákàtí 10, ewébẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà mọ́, ì báà wà lábẹ́ ọ̀rá tó móoru. Ní dígírì 40, láti àárín Oṣù Kọkànlá dé apá ìparí Oṣù Kìíní ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti òpin Oṣù Kẹwàá dé àárín Oṣù Kejì. Ohun tí ẹ bá fẹ́ máa já jẹ nígbà òtútù gbọ́dọ̀ ti dàgbà tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí àsìkò náà tó bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á gbin ín pẹ́, á rí i pé kò dàgbà, á wá máa bomi rin ín, á máa fi ajílẹ̀ kún un. Gbòǹgbò tí kò ṣiṣẹ́ ò lè lo méjèèjì. Yóò jẹrà ni.

Àwọn ẹranko ńkọ́?

Nígbà òru, ẹṣẹ́ kékeré kan nínú ọpọlọ ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀; bí òru bá gùn, títú rẹ̀ á gùn. Ara ń fi ìyẹn ka oṣù. Àgùntàn ilẹ̀ olótùútù ń gba akọ nígbà tí òru bá ń gùn sí i, á lóyún fún bí oṣù márùn-ún, ọmọ á sì bọ́ sí ìgbà ìrúwé tí koríko pọ̀. Oyún ẹṣin ń tó oṣù mọ́kànlá, nítorí náà ìgbà tí ọ̀sán bá ń gùn ló ń gba akọ. Ọ̀nà yàtọ̀, àsìkò ìbímọ kan náà. Adìyẹ tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó wákàtí 14 lójúmọ́ máa ń dín ẹyin kù tàbí kó dáwọ́ dúró.

William Rowan fi èyí hàn ní Kánádà ní àwọn ọdún 1920. Ó kó àwọn ẹyẹ kéékèèké sínú àgò níta nínú òtútù líle, ó fi iná mànàmáná mú ọ̀sán wọn gùn, ẹ̀yà ìbímọ wọn sì dàgbà bí ti ìgbà ìrúwé nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ṣì jẹ́ yìnyín.

Ibi tí èyí ti ń ṣèpalára báyìí ni pé ìmọ́lẹ̀ ò yí padà, àmọ́ ojú ọjọ́ ń yí. Ehoro yìnyín ti Amẹ́ríkà ti Àríwá ń di funfun nígbà tí òru bá gùn. Bí yìnyín bá pẹ́ kó tó bọ́, funfun rẹ̀ á hàn gbangba lórí ilẹ̀ dúdú, ẹran apẹran á sì rí i láti òkèèrè.

Ara èèyàn náà ń mọ̀ ọ́n bí?

Ó ń mọ̀ ọ́n. Aago inú sẹ́ẹ̀lì tí Hall, Rosbash àti Young gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí lọ́dún 2017 wà nínú wa, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Ìṣòro wa ni pé inú ilé ò mọ́lẹ̀ tó lọ́sàn-án, ó sì mọ́lẹ̀ jù lálẹ́. Yàrá tí iná tàn sí kì í sábà ju lux 500 lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Níta, àní nígbà tí kùrukùru bò, ó sábà máa ń ju 1,000 lọ dáadáa.

Ohun tí a máa gba èèyàn níyànjú ni kó jáde láàárín wákàtí kan tó bá jí tí ilẹ̀ sì ti mọ́, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìwọ awò dúdú. Lálẹ́, kó dín iná kù ní wákàtí méjì ṣáájú oorun, kó lo èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì wà nísàlẹ̀ ju orí lọ.

Àwọn kan wà tí ìbànújẹ́, oorun àsùnjù àti ìwọra fún oúnjẹ aládùn máa ń dé bá lọ́dọọdún nígbà òtútù. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1984. Àpótí ìmọ́lẹ̀ oní-lux 10,000 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí olùṣe rẹ̀ ní kó jìnnà dé. Bí ẹ bá lò ó lálẹ́, oorun á dà rú. Ẹni tó bá ní àìsàn ojú, tàbí àìsàn ọpọlọ tí inú fi ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ tó tún ń bà jẹ́, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí èrò pé kó pa ara rẹ̀ bá ń wá sọ́kàn rẹ̀, kó má dúró de ìgbà ìrúwé. Kó wá ìrànlọ́wọ́ lónìí.

Ní dígírì 40 lọ sókè, oòrùn ìgbà òtútù rẹlẹ̀ jù láti ran awọ ara lọ́wọ́ láti ṣe fítámì D tó pọ̀ tó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn aráàlú níyànjú láti ronú lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà ìwọ́wé àti òtútù.

Ṣé ó kan ẹni tó ń gbé nítòsí ìlà agbedeméjì Ayé?

Ó kàn án, àmọ́ òjò ni yóò fi rí i ju òtútù lọ. Ibi tí oòrùn bá ti wà ní àtàrí, afẹ́fẹ́ á gbóná, á gòkè, á sì di òjò. Ọ̀wọ́ òjò yìí ń tẹ̀ lé oòrùn lọ sí gúúsù ní Oṣù Kejìlá, ó ń pẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ń fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀ ní àríwá. Ní dígírì 10 sí àríwá, ọ̀pá yín tún máa fi ohun kan hàn tí ará Lọ́ńdọ̀nù ò lè rí láé: láti àárín Oṣù Kẹrin dé ìparí Oṣù Kẹjọ, òjìji ọ̀sán gangan á nà sí gúúsù, nígbà yòókù á nà sí àríwá.

Báwo ni mo ṣe lè ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀?

Oríṣiríṣi èèyàn ló ní ọ̀nà tiwọn. Ní Iran, wọ́n ń ṣàìsùn òru Yalda pẹ̀lú ẹbí. Ní Ṣáínà, Dongzhi jẹ́ ọjọ́ ìpàdé ìdílé. Ní Cusco ní Peru, ọjọ́ 24 Oṣù Kẹfà ni Inti Raymi, torí gúúsù ni wọ́n wà.

Ẹni tí kò ní èyí tó jogún lè ṣe ohun tó rọrùn. Ẹ jáde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ dúró títí ìràwọ̀ á fi yọ. Ẹ pa fóònù, kí ẹ má tan iná funfun. Ojú nílò ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn lò, ìṣẹ́jú àáyá kan lójú fóònù sì máa ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá tún jáde ní àárín òru, ẹ wá Orion: ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra wọn, tí mẹ́rin mìíràn yí ká. Òkè rẹ̀ tó ga jù ló máa wà ní àsìkò náà. Bí ẹ bá tan àbẹ́là nínú ilé, ẹ gbé e jìnnà sí aṣọ fèrèsé, ẹ má sì sùn kí ẹ tó pa á. Ẹ má dáná èédú nínú yàrá tó padé. Èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn ń pa èèyàn.

Bí kùrukùru bá bo oòrùn lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ẹ mú ọjọ́ èyíkéyìí tí ojú ọ̀run bá mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí oòrùn ń yọ àti gíga rẹ̀ ní ọ̀sán, ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀. Fún ìwọ̀n òjìji, ìkùukùu ọjọ́ náà ò ṣe nǹkan kan, torí ìwọ̀n Oṣù Kọkànlá àti ti Oṣù Kìíní ni ìṣírò yín dúró lé. Bí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n ní Oṣù Kìíní bá ṣú, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ mú àárín méjèèjì.